Ọ̀rọ̀-Ìperí Lẹ́nu Ògbufọ̀: Ètò Ìjọba Amẹ́ríkà àti Ẹni tí Kò Gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì Tó

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ọkàn àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Èyí kò yani lẹ́nu. Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ni ó sọ ọ́ di dandan pé kí a wá orúkọ Yorùbá fún ohun tí olùkọ́ yóò fi kọ́ ọmọdé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kó Èdè-Ìperí Yorùbá jọ fún ìlò olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ìwé ọ̀rọ̀-ìperí àwọn aṣòfin, tí ó jáde ní 1991 ní Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá, gbé wa jáde díẹ̀ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ilé ìgbìmọ̀ ni ó gbé wa lọ, kì í ṣe àárín ìlú.

Ibi tí a fẹ́ mú òǹkàwé lọ nínú àpilẹ̀kọ yìí jìnnà sí méjèèjì. Ìdí káńtà ọ́fíìsì ìjọba ni, àti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ilé-ìwòsàn, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí. Àwọn tí wọ́n kàwé nínú wọn kò ní wàhálà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, bàbá tí ó ti fẹ̀yìn tì tí ó lọ bá àwọn ọmọ gbé ń bẹ níbẹ̀, oníṣòwò tí ó fi Yorùbá ná ọjà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Bópẹ́bóyá, àwọn wọ̀nyí yóò jókòó níwájú òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé òfin lè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀, ṣùgbọ́n bí ògbufọ̀ náà kò bá ní ọ̀rọ̀-ìperí tí ó gún régé lẹ́nu, ẹ̀tọ́ ọ̀hún kò tí ì dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín.

Òfin náà àti bí ó ṣe dé ibi tí ó wà

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ìlú ti 1964. Orí kẹfà rẹ̀ sọ pé a kò gbọdọ̀ tìtorí ìran, àwọ̀, tàbí ilẹ̀ tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú ètò tí owó ìjọba àpapọ̀ bá wọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin náà kò dárúkọ èdè rárá. Ọdún mẹ́wàá ni ó gbà kí èdè tó wọlé sí i. Ní ìlú San Francisco, àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n jẹ́ ìran Ṣáínà, nǹkan bí 1,800, ń jókòó nínú kíláàsì tí a ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni. Wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ẹni tí ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá ẹjọ́ wọn, èyí tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Lau àti Nichols, ní 1974. Adájọ́ Douglas, ẹni tí ó kọ ìdájọ́ náà, sọ ọ́ yé gbogbo ènìyàn pé bí a tilẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní ìwé kan náà, olùkọ́ kan náà àti ilé kan náà, a kò tí ì mú wọn dọ́gba níwọ̀n ìgbà tí apá kan nínú wọn kò gbọ́ ohun tí à ń sọ. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ka èdè mọ́ ilẹ̀ tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ 2000, Ààrẹ Clinton fi Àṣẹ Ààrẹ 13166 pa á láṣẹ fún ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ gbogbo, àti fún àwọn tí ń gba owó lọ́wọ́ wọn, pé kí wọ́n ṣètò bí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó yóò ṣe máa jẹ àǹfààní iṣẹ́ wọn. Ọdún kan kò tí ì pé tí ilé-ẹjọ́ gíga náà fi dín agbára òfin yìí kù nínú ẹjọ́ Sandoval, tí ó ti Alabama wá. Ìdánwò ìwé-àṣẹ ìwakọ̀ ni ìpínlẹ̀ náà ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣe. Adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ni wọ́n sọ pé ẹni tí ìlànà bẹ́ẹ̀ pa lára kò lè fúnra rẹ̀ fi orí kẹfà pe ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́ bí kò bá lè fi hàn pé a mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ yà á sọ́tọ̀ ni. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2025, Ààrẹ Trump fi àṣẹ mìíràn sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìjọba Amẹ́ríkà, ó sì fagi lé Àṣẹ 13166. Àṣẹ tuntun náà kò fi dandan lé e pé kí ọ́fíìsì kankan dáwọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀ dúró. Ọwọ́ olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni ó fi í sí. Òfin 1964 ṣì wà ní ipò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ètò ìlera ti 2010, tí abala 1557 rẹ̀ kan ilé-ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí ń gba owó ìjọba. Ní ojú tiwa, ohun tí ó yí padà jù lọ ni pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó jẹ́ dandan tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ọ̀gá ọ́fíìsì lè ṣe bí ó bá wù ú.

Ẹni wo ni ẹni náà?

Iye àwọn tí ìkànìyàn Amẹ́ríkà kà sí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa gan-an ju mílíọ̀nù 25 lọ. Sípáníìṣì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ. Yorùbá kò tó nǹkan láàrin wọn, ó sì dára kí á gbà bẹ́ẹ̀, nítorí iye orí ni àwọn ìlànà náà fi ń wọn ohun tí a ó ṣe fún ẹnikẹ́ni. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí ẹ̀ka ìdájọ́ gbé jáde ní 2002, èyí tí a ti fagi lé ní 2025, ọ́fíìsì tí ó bá túmọ̀ ìwé kòṣeémánìí rẹ̀ sí èdè àwùjọ tí ó tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí 1,000 ènìyàn, èyí tí ó bá kéré jù nínú méjèèjì, ti ṣe ojúṣe rẹ̀ ní ti ìwé. Àwùjọ tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ lè má rí ìwé gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ ẹlẹ́nu kò tìtorí bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ti ìdìbò: òfin tí a fi kún Òfin Ẹ̀tọ́ Ìdìbò ní 1975 dárúkọ àwọn tí ń sọ Sípáníìṣì, àwọn ará Éṣíà, àwọn onílẹ̀ àbínibí Amẹ́ríkà àti ti Alaska, kò sí èdè Áfíríkà kankan níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ẹnu ògbufọ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ fún Yorùbá, ju ìwé lọ. Ẹni tí ó ń túmọ̀ ìwé lè jókòó, kí ó ṣí atúmọ̀-èdè, kí ó ronú di ọjọ́ kejì. Ògbufọ̀ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Orí tẹlifóònù ni a ti ń pè é nígbà púpọ̀. Kò rí ojú aláìsàn, kò sì mọ̀ bóyá ará Ìlàjẹ ni tàbí ará Ìgbómìnà. Kí dókítà tó mí, ó ti gbọ́dọ̀ rí ọ̀rọ̀.

Ìdènà kan tún wà ṣáájú ògbufọ̀ pàápàá. Òṣìṣẹ́ a máa béèrè orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá. Bí a bá dáhùn pé Nàìjíríà, ó rọrùn fún un láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè wọn, nítorí pé òun náà ni èdè ìjọba níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ará Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́, tí ó dáhùn pé Benin, ó rọrùn kí wọ́n wá ẹni tí ó gbọ́ Faransé fún un. Àwọn méjèèjì lè má gbọ́ ju Yorùbá lọ. Nígbà ìkànìyàn 2020, ìwé ìtọ́nisọ́nà jáde ní èdè 59 yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá sì wà nínú wọn. Ohun tí ó dára ni, nítorí ó fún òṣìṣẹ́ ní orúkọ èdè náà, kí ó má baà máa fi orúkọ ìlú méfò.

Nísinsìnyí, kí ni a ó pe ẹni yìí? Orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fún un kò sọ ju pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ní Yorùbá a lè sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, tàbí kí á pè é ní agbọ́-Gẹ̀ẹ́sì-díẹ̀. Èkejì wúlò lórí ìwé nítorí ó kúrú, ṣùgbọ́n àbùkù ẹni náà ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ẹni méjì ni kò gbọ́ ara wọn nínú ọ́fíìsì yẹn. Ẹni-à-ń-gbufọ̀-fún ni àwa fẹ́ràn jù. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí á ṣe ni ó dárúkọ, ó sì bá òṣìṣẹ́ náà wí pẹ̀lú.

Ìkéde kan tí a lè yẹ̀ wò

Ìlànà tí ó tẹ̀ lé abala 1557 ní 2016 ní kí ilé-ìwòsàn àti adójútòfò kọ ìkéde kúkúrú sára ìwé wọn ní èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a ń sọ jù ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti sọ fún ènìyàn pé ọ̀fẹ́ ni ìrànwọ́ lórí èdè. Wọ́n yọ èyí kúrò ní 2020. Ìlànà 2024 dá irú rẹ̀ padà. Yorùbá wà lára àwọn èdè tí ó bọ́ sínú ìkéde náà ní Maryland, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó sì tàn ká ara ìwé àìmọye ilé-iṣẹ́.

Ó yẹ kí inú wa dùn, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n kí á wo gbólóhùn ọ̀hún. Ẹni tí ó kọ ọ́ fi "o" bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ó tó parí, ó ti di "yín" àti "ẹ". Àgbàlagbà tí ó bá kà á kò ní mọ̀ bóyá òun ni à ń bá wí tàbí ọmọ òun. Nínú àwọn ẹ̀dà kan, orúkọ èdè náà gan-an ni a ṣì kọ: "Yorùbú" ni ó wà níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan sì ń dà á kọ láti ara èkejì láìbojú wẹ̀yìn. Ní ti àmì ohùn, àwọn mìíràn yọ gbogbo rẹ̀ dànù.

Àwọn kan yóò sọ pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ràn, pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò fi òye gbé e. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni nínú lẹ́tà ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Fọ́ọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìbéèrè orí fọ́ọ̀mù kì í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a lè fi mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ kò lè ṣe kí ó má béèrè nípa iṣẹ́. Bí a bá kọ "ise" láìsí àmì, iṣẹ́ ni à ń béèrè ni, tàbí ìṣẹ́? Ẹni tí ó wá gba ìrànwọ́ ní ìdáhùn sí méjèèjì. Bí a bá kọ "oko yin", oko yín ni, ọkọ yín ni, àbí ọkọ̀ yín? Irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ a máa béèrè nípa ẹni tí a jọ ń gbé ilé, a sì máa béèrè nípa mọ́tò tí a ní, ìdáhùn tí kò bá sì bá ìbéèrè mu lè dà bí irọ́ lójú ẹni tí ń ka ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ ara àti ọ̀rọ̀ àìsàn

Ẹjọ́ kan tí àwọn ògbufọ̀ ilé-ìwòsàn ní Amẹ́ríkà kì í gbàgbé ni ti Willie Ramirez. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé-ìwòsàn ní Florida ní 1980 láìmọ ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀, tí wọ́n ń sọ Sípáníìṣì ti Kúbà, lo ọ̀rọ̀ náà intoxicado, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ohun kan tí ó jẹ tàbí tí ó mu ni kò bá a lára mu. Àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jọ ọ́, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tí ó lo oògùn olóró ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ya sínú ọpọlọ rẹ̀. Kí wọ́n tó mọ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ. Owó tí wọ́n fi yanjú ẹjọ́ náà, bí a bá ṣírò rẹ̀ títí dé òpin ayé rẹ̀, tó nǹkan bí mílíọ̀nù 71 dọ́là.

Yorùbá kò jọ Gẹ̀ẹ́sì bí Sípáníìṣì ti jọ ọ́, nítorí náà ewu tiwa kò sí nínú ìró ọ̀rọ̀. Inú ìtumọ̀ ni ó wà. Bí ìyá kan bá sọ pé "wọ́n ti fún un ní oògùn", oògùn òyìnbó ni, àgbo ni, tàbí ohun tí ọ̀tá fi ṣe é? Ògbufọ̀ tí ó bá kàn mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tì í ti pinnu fún dókítà ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Bí aláìsàn bá ní "àyà mi ń já", ìbẹ̀rù ni, kì í ṣe àrùn. Bí ó bá ní "àyà ń dùn mí", kí wọ́n sáré. "Inú mi bàjẹ́" kò kan ìfun. "Ọkàn" ń ṣiṣẹ́ méjì, nítorí òun ni à ń pe ẹ̀yà ara tí ń tú ẹ̀jẹ̀ káàkiri, òun náà ni a fi ń ronú tí a fi ń banújẹ́. Ẹni tí a bí sínú èdè náà mọ ìwọ̀nyí láìkọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Houston, tí ó ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu òbí nìkan, lè má mọ̀ ọ́n.

Èyí kò sì mọ ní ọ̀nà kan. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí dókítà fi ń sọ pé àyẹ̀wò bá àrùn nínú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan náà tí aráàlú mọ̀ sí ohun rere. Ọmọ tí kò mọ̀ yóò yíjú sí ìyá rẹ̀, yóò sì sọ pé "ó dára". Ọ̀rọ̀-ìperí tí a nílò kò ṣòro: "a bá a níbẹ̀" àti "a kò bá a níbẹ̀". Kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀, kò sì lè ṣini lọ́nà.

Ìlànà abala 1557 ti sọ ọ́ pé ilé-ìwòsàn kò gbọdọ̀ fi ọmọ tí kò tí ì tó àgbà ṣe ògbufọ̀, àfi bí ó bá di pàjáwìrì tí kò sí ẹlòmíràn. Àwọn tí wọ́n ṣe é lè má ro àṣà Yorùbá, ṣùgbọ́n ó bá àṣà wa mu gidigidi. Ìyá kì í dúró níwájú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kí ó máa sọ nípa nǹkan oṣù tàbí ojú ara. Àdàpè ni yóò lò, tàbí kí ó dákẹ́. Ọmọ tí ó gbọ́ àdàpè náà kò sì ní lè tú u sí gbangba ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí dókítà yóò gbọ́ ni pé ara rẹ̀ kò yá, kò sì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ní àti èyí tí a kò tí ì ní

A kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Àwọn oníròyìn rédíò àti òṣìṣẹ́ ìlera nílé ti sọ ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, jẹjẹrẹ, rọpárọsẹ̀ àti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ní ti òfin, ilé-ẹjọ́ ti fún wa ní olùpẹjọ́, olùjẹ́jọ́ àti oníduùró, nítorí pé ìwé òfin Nàìjíríà fúnra rẹ̀ pè fún un: abala 35 ti ìwé òfin 1999 ní kí a sọ fún ẹni tí a mú, láàrin wákàtí 24, ní ìwé àti ní èdè tí ó yé e, ìdí tí a fi mú un, abala 36 sì fún olùjẹ́jọ́ ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú gbogbo wọn, èyí tí ó wù wá jù ni kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ilé-ẹjọ́ ni ó ti wá, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́ láti bá wa dé ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ ní Amẹ́ríkà. Ìwé tí ó sọ fún ènìyàn pé a ti gé owó oúnjẹ rẹ̀ tún máa ń sọ iye ọjọ́ tí ó ní láti fi béèrè pé kí a tún ọ̀ràn náà gbọ́. Bí ògbufọ̀ bá sọ pé "ẹ lè kọ lẹ́tà sí wọn", kò tí ì sọ nǹkan kan. Bí ó bá sọ pé "ẹ lè pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọjọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá báyìí", ìyá ọjà mọ ohun tí ó kàn.

Ọ̀rọ̀ adójútòfò ni ó ń fún àwọn ògbufọ̀ ní ìyọnu jù. Iye kan wà tí ẹni tí ó ra adójútòfò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san láti àpò ara rẹ̀ lọ́dún kí ilé-iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í san tirẹ̀. Iye mìíràn wà tí yóò máa san ní ìgbàkígbà tí ó bá lọ rí dókítà. A dá a lábàá pé kí á pe ti àkọ́kọ́ ní owó àkọ́san, kí á sì pe èkejì ní owó ìbẹ̀wò. Àwọn kan ti ń pe èkejì ní owó àjọsan. Kò burú, ṣùgbọ́n àjọsan lè mú ẹni tí ó mọ àjọ dídá ro pé òun yóò rí owó náà kó nígbà tí ó bá yá.

Kọ̀ǹpútà ti ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá báyìí, ọ́fíìsì tí kò lówó lọ́wọ́ yóò sì sá lọ bá a. Ìlànà 2024 ní kí ènìyàn tí ó mọ iṣẹ́ náà yẹ ohun tí ẹ̀rọ bá túmọ̀ wò bí ó bá jẹ́ ìwé tí ó kan ẹ̀tọ́ tàbí ìlera. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ náà kà kí ó tó mọ nǹkan kan, ìkéde tí ó ní "Yorùbú" nínú sì wà lára ohun tí a kọ sílẹ̀.

Èyí tí a kò tí ì rí ojútùú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fún ìwé tí aláìsàn ń fọwọ́ sí kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. "Ìfọwọ́sí" kò tó, nítorí ènìyàn lè tẹ ìka sórí ìwé tí kò yé e. Ó tilẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀ fún dókítà. "Ìyọ̀ǹda" sàn jù, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò ṣàlàyé nǹkan kan fún náà lè yọ̀ǹda. Ìyọ̀ǹda-lẹ́yìn-àlàyé ni a ń lò fún ìgbà díẹ̀ ná. Ó gùn, ògbufọ̀ méjì sì ti sọ fún wa pé dókítà kì í dúró kí àwọn fi pè é tán. Òǹkàwé tí ó bá ní èyí tí ó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì fi àlàyé sílẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré.